Mo Kọ́ Àwọn Tíṣà, Mo sì Buwọ́ Lu Irọ́

Ẹni tó bá ń gbèrò láti gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ olùkọ́, kó fa àga súnmọ́ mi, kó jókòó, kó gbọ́ tèmi ná. N kò ní í tàn yín, n kò sì ní í dẹ́rù bà yín. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ní agbègbè Ọ̀fà. Mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ọmọdé, mo fi èyí tó pọ̀ jù kọ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọdé. Bí ẹ bá rí i pé ohùn mi le, ẹ má sọ pé àgbàlagbà ló ń kanra. Inú ló ń bí mi. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń bí mi, n kò sì fẹ́ kó rọlẹ̀ kí n tó sọ ìdí rẹ̀.

Felicia Àdùkẹ́ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Tósìn ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá nílé wa, tíṣà ni bàbá mi, tíṣà ni ìyá mi kó tó di pé ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ti mọ̀wé díẹ̀ nílé wa, iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n máa ní kó lọ ṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn: mo parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìwé dé, mo lọ. Owó oṣù kéré, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Ó tán.

Ẹni tó sọ mí di olùkọ́ gan-an ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ. Bàbá Ọládẹ̀jọ ni à ń pè é. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìlà ṣòkòtò rẹ̀ mú bí abẹ. Kì í na ọmọ. Àwa olùkọ́ ló máa ń fi ẹnu nà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní àròpọ̀. Mo kọ̀wé gún régé sí pátákó, mo sọ̀rọ̀ ketekete, inú mi sì dùn sí ara mi. Òun wà lẹ́yìn kíláàsì, ó dijú, mo rò pé ó ń sùn ni. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ó pè mí.

Ó ní, "Ta lo kọ́ láàárọ̀ yìí?"

Mo ní ìṣirò ni, sà.

"N kò bi ọ́ pé kí lo kọ́. Ta lo kọ́?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ náà fún mi. Ọmọ tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ kò jẹun wá. Àwọn ọmọ Fúlàní méjì wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì gbọ́ Yorùbá délẹ̀. Ó ní pátákó ni mo kọ́, n kò kọ́ ènìyàn kankan. Ó ní kí n kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà lọ́jọ́ kejì, kí n tún kọ́ ọ lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹta ni mo tó kúrò níwájú pátákó, tí mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ etí ọmọ náà tó gbọ́ràn.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lábẹ́ Bàbá Ọládẹ̀jọ. Àìmọye ìgbà ló fa lẹ́sìn nóòtì mi ya, torí ó rí i pé ti ọdún tó kọjá ni mo dà kọ. Ní gbogbo sáà, ó ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì rẹ̀, kó mọ ibi tí ọmọ náà ń sùn, kó mọ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo sunkún lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí. Mo sọ fún bàbá mi pé n kò ṣe mọ́. Bàbá mi ní tí mo bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n dúró dìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n ṣe, torí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè sọ pé òun fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n ṣe, n kò rántí pé mo fẹ́ lọ mọ́.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Ṣọ́ọ̀kì la fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pátákó tí a ń fi ewé àti èédú kùn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Kádíbọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e. Mo máa ń ká àwòrán ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rọ̀bọ̀tọ̀, mo ń gbá a mọ́ra lórí ọkadà lọ sí Ìlemọ̀nà, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ kan wà tí a ń fọwọ́ yí láti tẹ ìwé ìdánwò, yíǹkì rẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun ẹni pé ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ la rí fọ́tókọ́pì, lẹ́yìn náà la rí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n fi aṣọ bò ní ọ́fíìsì bí ìyàwó tuntun. N kò bá irinṣẹ́ kankan jà rí. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí wọ́n ti pè mí ní arúgbó tí kò fẹ́ ọ̀làjú. Nínú gbogbo obìnrin ọ́fíìsì wa, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí aṣọ orí kọ̀ǹpútà yẹn. Irinṣẹ́ kọ́ lọ̀tá mi. Ẹni tó gbé irinṣẹ́ dání tí kò wo ibi tó fẹ́ lò ó sí, òun lọ̀tá mi.

Ọ́fíìsì tí mo ń sọ yìí ni ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó gbà mí lẹ́yìn ọdún kẹrìnlá tí mo ti wà ní kíláàsì. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni pé kí n máa dá àwọn olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní òfin kan: n kò ní í kọ́ tíṣà ní ohunkóhun láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ̀yìn kíláàsì báyìí ni mo ti pàdé Alhaja Sàfúrátù. Abúlé kan ló ti ń kọ́ni, ní ẹ̀yìn Ìjàgbó. Kò tíì lọ Mẹ́kà nígbà náà, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní Alhaja. Mo rí obìnrin tó gé ìwé àpò sìmẹ́ńtì sí wẹ́wẹ́, tó kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi ọmọrí ìgò kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì rẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá tí ìyá wọn fi ń di ẹ̀pà. Mo ti rí kíláàsì tó lé ní ọgọ́rùn-ún, n kò rí irú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ní olùkọ́ tuntun tí iṣẹ́ kò yé, n kì í bá a jiyàn. Mo máa ń mú un lọ sí abúlé náà, kó lọ jókòó.

Àrùn kòrónà wá dé, ìjọba ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n fi pè wá sí ìpàdé. Gbogbo wa fi ìbòmú bo imú, àga jìnnà sí àga. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ti Àbújá wá, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, ó ní ilé iṣẹ́ òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún láti fi kọ́ọ̀sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ gbogbo tíṣà bí wọn yóò ṣe máa kọ́ ọmọ láti òkèèrè lásìkò pàjáwìrì. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn pé inú mi dùn. Mo rò pé nǹkan tó yẹ ló dé. Wọ́n ní èmi ni mo máa ṣe olùdarí rẹ̀ ní agbègbè wa, mo gbà, mo sì lo ọ̀sẹ̀ kan láti fi wo kọ́ọ̀sì náà látòkè délẹ̀ kí n tó fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo wò ó tán, mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, mo jókòó. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú fídíò náà, ó jókòó sí yàrá tútù, kọ̀ǹpútà méjì wà níwájú rẹ̀, ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń pín àwọn ọmọ kíláàsì sí yàrá-yàrá lójú kọ̀ǹpútà, bí a ṣe ń jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ tiwa. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń ṣètò iná kó má bàa ṣú lójú ẹni. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, kò sí ibì kan tí wọ́n ti dárúkọ rédíò. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí tíṣà máa ṣe bí ọmọ kò bá ní ju ìyá tó ní fóònù tọ́ọ̀ṣì, èyí tí a fi ń pe ènìyàn tí a sì fi ń ríran lásán.

Mo gbé e lọ sí ìpàdé kejì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ mẹ́ta kún un, mo ti kọ wọ́n sílẹ̀, ọ̀kan fún rédíò, ọ̀kan fún ìwé tí ọmọ lè mú lọ sílé, ọ̀kan fún fóònù tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá fi sùúrù gbọ́ mi, ó wá ní wọ́n ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà, a kò lè yí i. Ọ̀gá ọ́fíìsì wa, Alhaji Jímọ̀, tí a ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, tẹ̀ sí mi létí.

Ó ní, "Ìyá Tósìn, ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀. Òkè ló ti wá."

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, mo sì jẹ́ kí wọ́n dá mi láìjà.

Mo to bẹ́ńṣì sí abẹ́ máńgòrò tó wà níwájú ilé wa, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọ̀fà sàn ju ti àwọn abúlé lọ. Àwọn tíṣà ń wá ní mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n ń ti Ìjàgbó wá, wọ́n ń ti ọ̀nà Ìlemọ̀nà wá. Bí iná bá lọ, a máa ń kó fóònù lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kó bá wa fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gba iná sí i. Olùkọ́ kan wà tó ti kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún, ó di fóònù ọmọ rẹ̀ mú, ó ń bi mí pé kí ni "míúùtì" tí wọ́n ní kí òun fọwọ́ kàn kí ohùn òun má bàa jáde. Ojú ń tì í, ojú sì ń ti èmi náà, torí mo mọ ohun tí ọkùnrin yẹn lè ṣe bí wọ́n bá fún un ní ọmọ àti ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Alhaja Sàfúrátù ń gun ọkadà wá. Ó ń wo fídíò, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó yọ wáyà tó fi ń gbọ́ fídíò náà kúrò létí, ó rọra bi mí ìgbà tí wọ́n máa dé ibi tó kàn wá. Ó wá ní kí n wá wo nǹkan kan ní abúlé tí ààyè bá yọ.

Mo lọ. Ní ẹ̀bá ẹ̀rọ omi tí gbogbo ìyá abúlé ti ń pọnmi, ó so ọ̀rá kéékèèké mọ́ ara wáyà ọgbà. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lára ọ̀rá tirẹ̀. Inú ọ̀rá ni iṣẹ́ ọjọ́ náà wà, ojú ìwé kan, ọmọrí ìgò bí ó bá jẹ́ ìṣirò. Bí ìyá bá wá pọnmi láàárọ̀, á mú ti ọmọ rẹ̀. Bó bá tún padà wá pọnmi nírọ̀lẹ́, á dá a padà. Sàfúrátù á fi bírò pupa sàmì sí i. Ọ̀rá ló lò kí òjò má bàa ba ìwé jẹ́. Lọ́wọ́ ọ̀sán, á máa pe fóònù tọ́ọ̀ṣì àwọn ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ á sì kàwé sí i létí. Mo jókòó tì í, mo gbọ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Múìnátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ka odidi ojú ìwé kan láti inú oko ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ wà. A ń gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun tí wọ́n ń pè ní ìkọ́ni láti òkèèrè lásìkò pàjáwìrì nìyẹn. Ó wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, kò sí ọmọ kan tó jábọ́ nínú rẹ̀. Mo kọ ìròyìn ojú ewé mẹ́rin nípa rẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi kọ́ gbogbo agbègbè. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá dá a padà. Ó ní kò sí nínú kọ́ọ̀sì, nítorí náà àwọn kò lè kà á kún.

Ìdánwò àṣekágbá dé. Wákàtí kan ni, ìjókòó kan ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, o ti kùnà. Bí o bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ á tì ọ́ mọ́ ìta. Nígbà àkọ́kọ́ tí Sàfúrátù ṣe é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Nígbà kejì, bátìrì fóònù rẹ̀ kú. Nígbà kẹta ó kù díẹ̀ kó parí, ìyá ọmọ kan pe fóònù rẹ̀ kí ọmọ lè kàwé fún un, bí ìpè náà ṣe wọlé ni ìdánwò náà lé e jáde. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó pe ìyá ọmọ náà padà, ó ní kí ọmọ máa kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan láàárín ìgboro. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀ mí. Ìwé ńlá kan ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, orúkọ àwọn tíṣà mi kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn. Òun ló ń bá wọn wo fídíò, òun ló ń bá wọn ṣe ìdánwò. Àwọn kan nínú wọn kò tíì fojú kan kọ́ọ̀sì náà rí. N kò dá gbogbo wọn lẹ́bi, ẹni tí a bá fi ìdánwò tí kò kàn án há mọ́ ògiri, ó máa wá ibi tó máa gbà jáde. Ṣùgbọ́n mo bínú débi pé mo gbàgbé ìwé tí mo wá tẹ̀.

Mo lọ bá Alhaji Jímọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi tán, ó wá ti ilẹ̀kùn. Ó ní iye àwọn tó yege ti dé òkè, inú àwọn ará òkè sì ń dùn, agbègbè wa ló wà níwájú. Ó yọ ìwé kan láti inú fáìlì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí, orúkọ àwọn tó yege lápá kan, orúkọ àwọn tó kùnà lápá kejì. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èmi, olùdarí, jẹ́rìí sí i pé bí iṣẹ́ wọn ṣe rí gan-an nìyí. Orúkọ Sàfúrátù wà lápá kejì.

Mo ní irọ́ ni. Mo ní àwọn tó yege kò ṣe é, ẹni tó kùnà yìí ló ń ṣe é.

Ó ní, "Mo mọ̀. Oṣù mẹ́jọ ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì, Ìyá Tósìn. Ṣé inú oṣù mẹ́jọ yìí lẹ fẹ́ bá ìjọba ṣẹjọ́?"

Mo wo ìwé náà. Mo ronú ìwé ìfẹ̀yìntì mi tó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọkùnrin yìí kọjá. Mo ronú pé ìwé lásán ni, pé ẹnikẹ́ni kò ní í kà á lẹ́yìn òní. Mo mú bírò, mo buwọ́ lù ú. Kò gbà mí ní àkókò tí ènìyàn fi ń sín. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ mo wà lọ́jà, mo rí orí náà, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n kà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà fi dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó kùnà. Wọ́n ní kí Sàfúrátù jáwọ́ kíákíá nínú pípín ìwé tí ìjọba kò fọwọ́ sí fún ọmọdé, torí ó lè kó àrùn ràn wọ́n. Wọ́n ní tí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣí, kó má padà sí kíláàsì, kó lọ máa ṣọ́ stóò ìwé. Ó tú àwọn ọ̀rá náà kúrò lára wáyà. Láti ọjọ́ náà títí ilé ẹ̀kọ́ fi ṣí, àwọn ọmọ abúlé yẹn kò rí ìwé kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní sátífíkéètì. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé oníṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣí, mo lọ síbẹ̀. Mo wá Múìnátù, n kò rí i. Ìyá rẹ̀ ni mo bá lóko, ó dúró lé ọkọ́, ó kí mi dáadáa. Ó ní wọ́n ti mú ọmọ náà lọ sí Ìlọrin, ó ń bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ nínú ilé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi dúró.

Ó ní, "Nígbà tí ìwé kò wá mọ́, mo rò pé ilé ìwé ti tán ni."

Obìnrin náà kò bú mi. Kò mọ̀ pé èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìwé ọ́fíìsì kì í pa ènìyàn lára: ọmọ náà kò padà sí kíláàsì. Mo wá a dé Ìlọrin, mo bẹ ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun máa fi í sí ilé ìwé, kò sì ṣe é. Ó ti di ọmọge báyìí.

Láti oko yẹn ni mo ti gba ilé Sàfúrátù lọ. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Irọ́ ni lọ́jọ́ yẹn, mo pẹ́. Ó fà mí dìde níkẹyìn, ó fún mi lómi, ó jókòó sí iwájú mi.

Ó ní, "Màmá, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá kò dé ibí rí. Alhaji kò wo kíláàsì mi rí. Wọn kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀."

Mo gbé ife omi náà sílẹ̀, mo lọ sílé.

Mo kọ lẹ́tà. Mo ní mo yọ ọwọ́ mi kúrò nínú ìwé tí mo buwọ́ lù, mo kọ gbogbo ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù náà. Fáìlì gbé e mì. Mo lọ sí ọ́fíìsì tó ga ju tiwa lọ, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n gbé ìwé náà wá, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ọwọ́ tí mo fi sí i. Wọ́n ní èyí ni ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà, ohun tó ń mú inú bí mi jù nìyẹn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe àpèjẹ fún mi, wọ́n fún mi ní férémù kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo jẹ́ àwòkọ́ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dáná, mo fi férémù náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ sílé.

Ẹ lè rò pé ó parí síbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, wọ́n tún ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan pa nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé. Àwọn olùkọ́ kéékèèké márùn-ún wá sí ilé mi. Wọ́n ní wọ́n ti fi kọ́ọ̀sì kan ránṣẹ́ sí àwọn lórí fóònù, àwọn kò mọ bí àwọn ṣe máa fi kọ́ ọmọ tó wà lóko. Mo gba fóònù náà. Obìnrin inú yàrá tútù ni. Kọ̀ǹpútà méjì ṣì wà níwájú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n yí.

Mo sọ fún wọn pé ẹnì kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gun ọkadà lọ bá Sàfúrátù ní stóò tí wọ́n fi í sí. Ó gbọ́ ohun tí mo wá sọ. Ó ní òun máa wá kọ́ wọn, lórí àdéhùn kan: kó tó la ẹnu, èmi máa dìde níwájú wọn, màá sọ ẹni tó buwọ́ lu ìwé náà.

Ní Sátidé, wọ́n pé ní pálọ̀ mi, wọ́n ti di mọ́kànlá. Mo dìde. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, n kò fi ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́jọ gba ara mi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n wò mí dáadáa, torí ìwé tiwọn náà ń bọ̀. Ẹni tó máa gbé e wá á jẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, á sọ ọ́ jẹ́jẹ́, á ní òkè ló ti wá. Mo ní kí wọ́n rántí pé ẹni tó wà lókè kò mọ orúkọ ọmọ kankan. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn tẹjú mọ́ ilẹ̀. Mo jókòó.

Sàfúrátù bi wọ́n pé ta ló lè sọ iye ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí fóònù wà nílé wọn, àti ibi tí ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń pọnmi. Ẹnikẹ́ni kò nawọ́.

Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ lọ bèèrè. Tí ẹ bá dé, a óò bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n lọ. Ó ku àwa méjì nínú pálọ̀. Kò bi mí léèrè ohunkóhun, kò sì sọ pé òun ti dárí jì mí. Kò tíì sọ ọ́ títí di òní, n kò sì ní í bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó tú ẹrù ìwé àpò sìmẹ́ńtì tó gbé wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ó pín in sí méjì, ó ti ìdajì sí iwájú mi pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Mo mú un, mo ń gé.

Ó wo ọwọ́ mi díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gún, Màmá. Ọmọ ló máa lò ó."